Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Orí Ilẹ̀ Safurat

Agbo-ilé Aláró,
Ẹ̀yìn Takie, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1954.

Àlàó, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àtijọ́. Mo kí ọ kú ìdálẹ̀, mo kí ọ kú òwò, mo kí ọ kú oòrùn Tàmálè tí wọ́n ní ó ń mú bí iná. Mo kí ìyàwó rẹ tí n kò tíì fojú rí, mo sì kí ọmọ tí ẹ bí. Ara mi le, àfi orúnkún nìkan. Tíṣà Akínpẹ̀lú ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, iṣẹ́ ilé-ìwé ló gbé e wá, mo sì fún un ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu-ọ̀nà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Bí o bá dé Takie lónìí, ọ̀nà lo máa bèèrè. Wọ́n ti da ọ̀dà sí títì. Àwọn tó ti ìdálẹ̀ dé ń wó ilé alámọ̀, wọ́n ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ilé tí o ti kéwú ti di ibi tí wọ́n ti ń ta epo mọ́tò, wọ́n sì ti gé igi ọsàn iwájú rẹ̀. Àwọn ayálégbé tó kún inú àwọn ilé tuntun wọ̀nyí, a kò mọ̀ wọ́n: akọ̀wé, onímọ́tò, àwọn tó ń ra ẹ̀pà fún òyìnbó. Bí mo bá kí wọn láàárọ̀, ẹnì kan á dáhùn, ẹnì kejì á fọwọ́ dí imú nítorí òórùn aró mi.

Èmi àti Safurat la ṣì jọ ń rẹ aró. Àwọn yòókù ti fi í sílẹ̀. Safurat ní kí n kí ọ. Mo mọ̀ pé Ìyá Iwájú ni ẹ̀yin ọmọdé ń pè é, nítorí pé ilé tirẹ̀ ló kọjú sí títì, tiwa ló wà lẹ́yìn. A ti lu ògiri tó wà láàárín wa báyìí, kí orúnkún mi má baà máa yí gbogbo agbo-ilé po kí n tó dé ìdí ìkòkò tirẹ̀. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń sá wọ abẹ́ ẹní bí ààrá bá sán. Kò gbàgbé ọdún tí èèyi mú ọ tí èmi náà dùbúlẹ̀, tó fi pọ̀n ọ́ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, tó ń rẹ aró pẹ̀lú rẹ lẹ́yìn.

Ọdún kẹfà rèé tí o lọ, Àlàó. Òrùlé ìyẹ̀wù mi ń jò. Bí òjò bá ti ṣú, mo ń gbé ẹní kiri bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Àwọn ènìyàn ń bi mí pé ọmọ mi tó wà ní ìdálẹ̀ dà. N kò ní kí o kọ́lé fún mi. Páànù díẹ̀ ni mo ń bèèrè, kí ìwọ fúnra rẹ sì gbé e wá. Ojú rẹ ló ń wù mí í rí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúbúrátù Àwẹ̀ró.


Sábo, Tàmálè.
Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá, 1954.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìnira orúnkún. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà tó ń bá yín kọ̀wé, kí Ọlọ́run bá wa san án fún wọn.

Ìwé yín dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí. Ẹ ní wọ́n ń bi yín pé ọmọ yín dà. Ìyá mi, ṣé ẹ rò pé mo gbàgbé ni? Tí mo bá ru abọ́ tánganran lọ sọ́jà ìletò, tí ẹsẹ̀ mi bá wú, ẹ̀yin ni mo máa ń rò. Níhìn-ín, tí àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá pàdé lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ wa ò ju ilé lọ: ta ló ti kọ́, ta ni ò tíì kọ́. Níjọ́ kan, àgbàlagbà kan wò mí lójú láàárín èrò, ó ní, "Gàfárù, ibo ni ìyá rẹ ń sùn?" Látọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu mi.

Ẹ má tún òrùlé yẹn ṣe. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ní ohun tí mò ń bọ̀ wá ṣe, n kò fẹ́ sọ ọ́ nínú ìwé. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ fún mi.

Ẹ bá mi kí Ìyá Iwájú. Ẹ sọ fún wọn pé ààrá Tàmálè ti wò mí sàn.

Ọmọ yín,
Gàfárù Ọládépò Àlàó.


Sábo, Tàmálè.
Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá, 1954.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóṣé, ọ̀gá bíríkìlà, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ìwé yín gbà. Bí ẹ ti wí náà ni: ẹ̀yìn ni ilé ìyá mi wà, kò sì sẹ́ni tó ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn ilé ẹlòmíràn. Ojú títì ni mo fẹ́. Ẹ ní àwọn àbúrò ọkọ Ìyá Iwájú tó ti kú ṣe tán láti ta ilé náà, ẹ sì ní wọ́n ti wá ibi tó dára fún ìyá náà, pé òun fúnra rẹ̀ gbà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bèèrè, ẹ ní ọkùnrin kan ní ìdálẹ̀ ni. Mo fẹ́ dé lójijì, kí n mú ìyá mi lọ́wọ́, kí a jọ gun àtẹ̀gùn, kí n tó sọ fún wọn pé tiwọn ni.

Èmi ni tiyín,
G. Ọládépò.


Agbo-ilé Aláró,
Ẹ̀yìn Takie, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, 1955.

Àlàó,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ. Ìkíni mi ò ní gùn lónìí. Wọ́n ti lé Safurat.

Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá, àwọn àti Bámgbóṣé bíríkìlà. Ìdí ìkòkò ni wọ́n bá wa. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Ìyàwó wa, a ti ta ilé yìí o." Safurat rò pé eré ni. Ó ní, "Ẹ tà á fún ta?" Bámgbóṣé ní ọkùnrin kan ní ìdálẹ̀ ni, pé owó ti wọlé, pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òun lè fi ṣe sùúrù. Safurat ní, "Èmi ń kọ́?" Wọ́n ní kò bímọ tó yè fún ilé náà, kí ló fẹ́ fi dì í mú? Wọ́n ní yàrá kan wà ní oko àwọn. Mo mọ yàrá náà. Ewúrẹ́ ló ń gbé e.

Ó wá bi wọ́n léèrè ohun tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ọkọ mi ń kọ́?" Nítorí inú ìyẹ̀wù rẹ̀ ni wọ́n sin ọkùnrin náà sí. Gbogbo wọn wolẹ̀. Bámgbóṣé ló fèsì. Ó ní àwọn yóò fi sìmẹ́ǹtì bò ó dáadáa.

Mo lọ bá àwọn àgbààgbà agbo-ilé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ẹlẹ́bí ni. Mo ní kí Safurat wá máa gbé ọ̀dọ̀ mi, ó ní òun kò ní lè máa jókòó síbí kí òun máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wó ilé òun. Ìresà, ilé ìyá tó bí i, ló gbà lọ. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó padà sílé ìyá rẹ̀ bí ọmọ tó kọ ọkọ sílẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ṣeé gbé. Wọ́n fi ọkọ́ fọ́ wọn mọ́ ilẹ̀, aró sì ṣàn dé ojú títì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fò ó kọjá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó fẹ́ lọ, kí mọ́tò tó dé, àwa méjèèjì dúró sórí àpáàdì ìkòkò náà. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹni yòówù tó fi owó rẹ̀ lé obìnrin yìí kúrò nílé ọkọ rẹ̀, oorun kò ní kùn ún nínú ilé tó bá kọ́ síbẹ̀." Safurat ní, "Àmín."

Ìwọ ọmọ mi, o ní ẹ máa ń pàdé lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bá mi bèèrè láàárín wọn ẹni tó ra ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Takie. Bá mi mọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lè mọ ilé tí yóò yà sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúbúrátù Àwẹ̀ró.


Agbo-ilé Aláró,
Ẹ̀yìn Takie, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹfà, 1955.

Àlàó ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Oṣù kẹta rèé tí n kò gbúròó rẹ. Ṣé ara rẹ ò yá ni? Àbí ìyàwó rẹ? Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́ nínú ìwé tí mo kọ kẹ́yìn, wí fún mi. Ọ̀rọ̀ Safurat ló gbé mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, n kò tiẹ̀ bèèrè ọmọ lọ́wọ́ rẹ.

Ilé ọkùnrin ìdálẹ̀ náà ti ga. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Òjìji rẹ̀ ti gba àgbàlá mi. Aṣọ tí mo bá sá láàárọ̀ kì í gbẹ títí di ọ̀sán. Àwọn oníbàárà mi kì í tètè rí ọ̀nà mọ́, wọ́n á dé ojú títì, wọ́n á wá Safurat títí, wọ́n á padà. Ìwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ti kó tíṣà wá rẹpẹtẹ, gbogbo wọn ń wá yàrá, àwọn onílé sì ń lé ẹni tó ti pẹ́ kí wọ́n lè gba ẹni tuntun. Wolé-wolé wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àwọn ará ilé tuntun wá fẹjọ́ òórùn sùn. Ọmọlúwàbí ni, ó ń tijú bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí n dí ìkòkò méjì, kí n ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Bámgbóṣé tún ń ṣe mí bákan. Bó bá ti rí mi, á dọ̀bálẹ̀. Lánàá ó ní, "Ìyá, ṣé ọ̀dà funfun ni ẹ fẹ́ kí a fi kun ògiri yìí, àbí èyí tó dà bí ẹyin?" Mo bi í pé kí ló kàn mí nínú ilé onílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Fèsì, Àlàó. Bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúbúrátù Àwẹ̀ró.

Ọ̀gbẹ́ni Gàfárù, èmi Akínpẹ̀lú ni mo fi èyí kún un, Ìyá kò mọ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́ lórí orúnkún wọn. Ẹni tó ń pín ìwé ti ń sá fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé.


Sábo, Tàmálè.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ, 1955.

Ìyá mi,

Mo bẹ Tíṣà pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ka èyí, kí ẹ̀yin náà sì jókòó. Ara mi le. Ìyàwó mi le, ọmọ le. Àìsàn kọ́ ló dí mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ìwé yìí tí mo ya á.

Ẹ ní kí n bá yín wá orúkọ ẹni tó ra ilé Ìyá Iwájú. Gàfárù Ọládépò Àlàó ni orúkọ rẹ̀. Kúbúrátù Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Èmi ni, Ìyá. Ẹ̀yin ni mo ń kọ́ ilé náà fún. Bámgbóṣé sọ fún mi pé wọ́n ti wá ibi tó dára fún Ìyá Iwájú, ó ní wọ́n gbà. Mo ka ibẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá bèèrè, ìdáhùn tí yóò dá ilé dúró ni n óò gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti kọ́lé tán. Ojú títì ni mo ń rí, n kò rí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

N kò rántí ọkọ wọn tó sùn sínú ìyẹ̀wù. Ká ní mo rántí ni! Àbí mo rántí? Mi ò mọ ohun tí mo mọ̀ mọ́.

Mo ti kọ̀wé sí Bámgbóṣé pé kó ya yàrá kan sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Ẹ sì jọ̀wọ́, Ìyá mi, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín kúrò lórí mi. Láti ìgbà tí ìwé yín ti dé, bí mo bá dùbúlẹ̀, àjà ni mò ń wò.

Ọmọ yín,
Àlàó.


Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 1955.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Gàfárù Ọládépò, Tàmálè.

Ẹ kú àfojúsọ́nà. Èmi James Akínpẹ̀lú ni mò ń kọ̀wé yìí lórúkọ ara mi. Wọ́n ti gbé mi padà sí Ọ̀yọ́, ìlú mi, láti oṣù kẹsàn-án. Ìyá kò rán mi níṣẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n n kò lè máa mọ ohun tí mo mọ̀ kí ẹ̀yin má mọ̀ ọ́n.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo ka ìwé yín fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà.

"Ṣé Àlàó ló kọ síbẹ̀?"

"Àlàó ni, Ìyá."

"Ẹ tún un kà."

Mo kà á nígbà kẹta. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní kí n bu omi tútù wá. Wọ́n fi yọ ẹnu, wọ́n tu ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní, "N kò mọ̀ pé ọmọ mi ni mò ń bá wí. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde, mo kó o padà. Ọlọ́run, má kà á sí i lọ́rùn." Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú mi. "Tèmi nìyẹn. Safurat náà ṣe àmín. Ti Safurat ò sí níkàáwọ́ mi."

Ní ọjọ́ kejì a wọ mọ́tò lọ sí Ìresà, èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù. Ìyá Iwájú ti rù. Wọ́n wà lórí ẹní nínú ilé Àlùfáà, àbúrò ìyá wọn, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ìyá yín kò jókòó. Ìdúró ni wọ́n ti sọ ọ́.

"Safurat, mo ti mọ ẹni tó ra ilé rẹ. Àlàó mi ni. Ilé mi ló fẹ́ fi kọ́."

Ìyá Iwájú ní, "Ṣé ilé náà dára?"

"Ó dára."

"Ó ga?"

"Ó ga."

Wọ́n mi orí. Ọ̀gbẹ́ni Gàfárù, ẹ dárí jì mí tí mo ń kọ èyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́. Wọ́n ní, "Àlàó tí mo pọ̀n. Kò bi mí. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá fún un. Ǹ bá ní kó kọ́ ọ, kó kàn ṣẹ́ igun kan kù fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi."

Wọ́n bu omi, àwọn náà yọ ẹnu. Wọ́n ní àwọn kò di ẹnikẹ́ni sínú. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ògiri. Ọbẹ̀ tí ìyá yín sè fún wọn tutù síbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ padà, ìyá yín ní, "Tíṣà, ẹ máa lọ. N kò lè fi í sílẹ̀ báyìí. Ẹ bá mi ti ilé." Mo ti ilé wọn, mo fún àwọn àgbààgbà agbo-ilé ní kọ́kọ́rọ́.

Èmi náà kò mọ́. Àlejò ni mí níbẹ̀, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ló sì ń du yàrá nínú pẹ́tẹ́ẹ̀sì yín báyìí. Wọ́n ní kò sí ilé tó tù wọ́n lára tó o ní gbogbo Takie. Bóyá bí a bá ti ń dé ni ẹlòmíràn ń lọ, tí a kò sì wẹ̀yìn.

Ẹ má kọ̀wé mọ́. Ẹ wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
J. Akínpẹ̀lú.


Sábo, Tàmálè.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejìlá, 1955.

Sí ìyá mi, nílé Àlùfáà, Ìresà.

Ìyá mi, mo kí yín, mo kí Ìyá Iwájú lórí ìdùbúlẹ̀. Mò ń ta ọjà tó kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, èmi, ìyàwó àti ọmọ yóò wọ mọ́tò. Ìresà ni n óò kọ́kọ́ yà, n kò ní dé Takie kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Iwájú pé mo ń bọ̀ wá bi wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n dúró dè mí.

Àlàó.


Ìresà.
Ọjọ́ kejì, oṣù kìíní, 1956.

Àlàó ọmọ mi,

Àlùfáà ló ń bá mi kọ èyí. Bóyá yóò bá ọ ní Tàmálè, bóyá ẹ ó pàdé lọ́nà.

Safurat kú lọ́jọ́ Alàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo ka ìwé rẹ fún un, àní Àlùfáà kà á. Ó gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, bí mọ́tò bá ti dún lójú ọ̀nà, á ní, "Àwẹ̀ró, wò ó bóyá òun ni." Mo ń dìde, mo ń wò ó. Ní ọjọ́ tó kú, mọ́tò mẹ́ta ló kọjá. Kò bèèrè nípa ẹ̀kẹta.

A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má sọ fún awakọ̀ pé kó sáré.

Ìyá rẹ.


Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Ọládépò,
Takie, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ogúnjọ́, oṣù kejì, 1956.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ tí ẹ gbé lé mi lórí létí sàréè Ìyá Iwájú kò tíì kúrò lára mi. Ẹ fún mi lóúnjẹ, ẹ ṣàdúrà fún mi, ẹ kò bá mi jà. Ì bá sàn kí ẹ bá mi jà. Nígbà tí mo ní kí ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ẹ ní, "Máa lọ ná." Mo ti ń lọ ná, Ìyá, títí dòní.

Ilé náà kún. Tíṣà méjì, akọ̀wé kan, onímọ́tò kan, ẹni tó ń rán aṣọ nísàlẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá onílé. Láàárọ̀, kálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á jáde. Ìyàwó mi bi mí pé ta ni òun lè yá ọlọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ronú títí, n kò rí ẹni tí mo lè dárúkọ. Mo rìn yí agbo-ilé po. Ilé mẹ́rin ni mo mọ èèyàn nínú wọn. Àwọn yòókù ti lọ sí oko, tàbí ọ̀nà Ìlọrin, tàbí n kò mọ ibi tí wọ́n lọ. Gbogbo àwọn tó ń kọ́lé yí mi ká, ìdálẹ̀ ni a ti jọ dé. Bí a bá pàdé, ohun tí à ń bi ara wa ni iye tí à ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé.

Mo ní kí Bámgbóṣé wá fi ibi tí sàréè ọkọ Ìyá Iwájú wà hàn mí. Ó dúró láàárín ilé. Ó wo ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun rò pé ìhín ni, lẹ́yìn náà ó ní bóyá ọ̀hún ni. Ó ní sìmẹ́ǹtì ti jọ ara wọn. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, Ìyá, lójú aránṣọ àti àwọn oníbàárà rẹ̀, mo sunkún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀. Yàrá yín wà lókè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. N óò bá wolé-wolé sọ̀rọ̀, ẹ ó tún máa rẹ aró. Bí ẹ bá gbà, n óò rán mọ́tò lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ọmọ yín,
Àlàó.


Ìresà.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 1956.

Àlàó ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ilé tuntun. N kò tíì kí ọ tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí n kí ọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ níbẹ̀. Mo kí ìyàwó rẹ. Sọ fún un pé kó máa yọ sí àwọn ará ilé láàárọ̀, bí wọn ò bá dáhùn, kó tún kí wọn lọ́jọ́ kejì. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Má rán mọ́tò. Kì í ṣe pé mò ń bínú. Ọmọ mi ni ọ́, ojú tí mo fi ń wò ọ́ kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sí títì, ta ni mo fẹ́ máa wò? Àwọn tí ì bá gbójú sókè rí mi, kí wọ́n ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ mà ṣe ọ́ lóore o," wọ́n ti lọ. Ilé Kúbúrátù ò dùn ún gbé lórí ilẹ̀ tí kò sí ẹni tó mọ Kúbúrátù.

Àwọn ará ibí fún mi ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé tí Safurat kú sí. Mo ti ri ìkòkò méjì mọ́lẹ̀. Obìnrin méjì ń bá mi ṣe é, ọ̀kan nínú wọn mọṣẹ́ dáadáa, èkejì kò mọ̀ ọ́n rárá, ṣùgbọ́n ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, mo máa ń lọ gbá ẹ̀gbẹ́ sàréè kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, wá wò mí. Mú ìyàwó rẹ àti ọmọ wá. Ilé alámọ̀ ni mò ń gbé, igun kan sì ti ń sán. Bí o bá rí i, má sọ fún mi pé o fẹ́ tún un kọ́. Jókòó sórí ẹní, kí o jẹun.

Ìyá rẹ,
Kúbúrátù Àwẹ̀ró.